Ta ló rán Sísítà níṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ kálàmù kan ni kò kúrò lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2010, kálàmù 22 ni Barack Obama fi buwọ́ lu òfin ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó fẹ́ kí àwọn tí kò ní adójútòfò ìlera lè rí i ní. Á fi ọ̀kan fa ìlà díẹ̀ nínú orúkọ rẹ̀, á gbé e sílẹ̀, á mú òmíràn, kí kálàmù tó fọwọ́ kan òfin náà lè pọ̀ tó láti pín. Àwọn olóṣèlú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan tí kò ní ọsibítù kankan lórúkọ ara rẹ̀, tó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní kó ọrọ̀ jọ. Sísítà Carol Keehan ni, ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ àwọn ọsibítù Àgùdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Catholic Health Association, tí wọ́n ń pè ní CHA.

Bó ṣe rí kálàmù gbà kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé àbá òfin náà kò ṣe é tẹ́wọ́ gbà. Sísítà ní kí àwọn aṣòfin tẹ́wọ́ gbà á. Ta ló fún un lẹ́nu tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ ìlera tí kò wá èrè á mọ̀ pé inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

## Ọ̀gá tí kò rí ẹni pàṣẹ fún

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá gbọ́ "ààrẹ ẹgbẹ́", ẹni tí wọ́n dìbò yàn ló ń wá sí wa lọ́kàn, tí yóò ṣe ọdún méjì tí yóò sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ní CHA, àti ní púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ọsibítù Amẹ́ríkà, alága ìgbìmọ̀ ló ń yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní "president" jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ gbà síṣẹ́, tí ìgbìmọ̀ sì lè dá dúró. Ohun tó sún mọ́ ọn jù níbí ni akọ̀wé àgbà tó ń gba owó oṣù, ẹni tó mọ ibi tí gbogbo fáìlì wà.

Ọdún 1915 ni wọ́n dá CHA sílẹ̀. Ọsibítù tó lé ní 600 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi 1,600 ilé ìtọ́jú arúgbó àti irú wọn. Sísítà kò lè pàṣẹ kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo nínú ìkankan wọn. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ní St. Louis àti Washington, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, àti ẹnu láti sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tó ń dáwó.

Owó yẹn ni kí a kọ́kọ́ wò. Nínú irú ẹgbẹ́ báyìí, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣe tóbi tó ni owó tó ń dá ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí ọsibítù kọ̀ọ̀kan ń dá dúró, kò séwu níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bínú lọ, ẹgbẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n àwọn ọsibítù Àgùdà ti ń para pọ̀ di iléeṣẹ́ ńláńlá. Ní 2019, Catholic Health Initiatives àti Dignity Health di ọ̀kan, wọ́n sọ ara wọn ní CommonSpirit. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ lè ní ọsibítù 600 lórí ìwé, kó jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ìbínú wọn lè tú u ká. Ìpè orí fóònù kan péré lè kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọsibítù jáde lọ́jọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí ìwé tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kọ sí ìjọba fi máa ń rí bí ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ á kọ àkọ́kọ́, lọ́yà á yọ gbólóhùn méjì, ọmọ ẹgbẹ́ ńlá kan á ní kí wọ́n fi "bó bá ṣeé ṣe" sí i, ìgbìmọ̀ á tún fá etí rẹ̀. Nígbà tó bá máa dé ọwọ́ aṣòfin, kò sí ohun tí aṣòfin lè fi ṣe, kò sì sí ẹni tí inú bí. Ẹni tó bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún lè fẹ̀yìn tì pẹ̀lú àpèjẹ ńlá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Òwe yẹn ṣe wẹ́kú bó bá jẹ́ ẹnì kan ló rán ni. Ta ló rán olórí CHA? Ṣé ìgbìmọ̀ tó gbà á síṣẹ́ ni? Ṣé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni, tó jẹ́ pé bí bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò bá kéde pé ọsibítù kan kì í ṣe ti Àgùdà mọ́, orúkọ ti bọ́ lára rẹ̀ nìyẹn? Àbí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ CHA wà láyé?

## Láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì

Nọ́ọ̀sì ni Keehan kó tó di ohunkóhun. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn sísítà tí wọ́n ń pè ní Daughters of Charity, ó ṣiṣẹ́ ọsibítù ní Pensacola ní Florida, ó kọ́ ìṣàkóso okòwò kún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ó darí ọsibítù Providence ní Washington fún ọdún 15. Ọdún 1861 ni wọ́n ti dá ọsibítù yẹn sílẹ̀. Ní 2005 ni CHA gbà á.

Ọdún 15 yẹn kì í ṣe kékeré. Láti 1986 ni òfin kan ti wà, EMTALA, tó ní ọsibítù tó ní yàrá pàjáwìrì tó sì ń gba owó Medicare, adójútòfò tí ìjọba ń ṣe fún àwọn arúgbó, gbọ́dọ̀ yẹ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wò, kó sì ṣe ohun tí ara onítọ̀hún yóò fi dúró, ì báà lówó, ì báà má lówó. Òfin náà kò sọ ẹni tí yóò san án. Ẹ wo obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ tí kò rí insulin rà. Kò ní rí dókítà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ọjọ́ yẹn ni yóò wọ yàrá pàjáwìrì, wọn á gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn á fún un lóògùn, wọn á bóyá gé ìka ẹsẹ̀ kan, wọn á ní kó máa lọ sílé. Ilé tí kò sí insulin náà ló ń padà sí. Ẹni tó bá ń wo ìwé ìṣirò irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù mọ̀ pé àìní adójútòfò kọjá ọ̀rọ̀ àánú: ìlà kan ni nínú ìwé owó, ó sì ń gùn sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní ọsibítù Amẹ́ríkà kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún wọn.

Mo gbà pé ẹni tó ti inú òṣèlú wá lè mọ ilẹ̀kùn aṣòfin ju ẹni tó ti inú ọsibítù wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí tán, aṣòfin á bi í pé "èló ni yóò ná yín?" Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wo ojú igbákejì wọn.

## Ìṣirò tó fún un lẹ́nu

Ibí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé kálàmù náà ti wá.

Ọsibítù tí kò wá èrè kì í san owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí owó tó ń wọlé fún un. Láti 1969, ohun tí iléeṣẹ́ owó orí ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n máa ṣe ìlú láǹfààní. Bí wọn yóò ṣe wọn àǹfààní náà, kò yé ẹnikẹ́ni, kálukú sì ń ka ohun tó bá wù ú. Ní 1989, CHA gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe ṣètò iṣẹ́ àánú wọn, tí wọn yóò kà á, tí wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ owó orí wá ṣe fọ́ọ̀mù fún ọsibítù, èyí tí wọ́n ń pè ní Schedule H tó ń tẹ̀ lé Fọ́ọ̀mù 990, ìwé tí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè ń kún fún iléeṣẹ́ owó orí lọ́dọọdún, tó di dandan fún ọdún owó orí 2009, ìlànà CHA ló gbé e kà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é lójú ara wa. Aláìsàn kan wọlé tí kò lówó, bíìlì rẹ̀ sì jẹ́ $10,000. Ọsibítù tí ojú ń kán á kọ ọ́ pé òun fi $10,000 ṣàánú. Irọ́ ni. Iye orí bíìlì kì í ṣe iye tí ìtọ́jú náà ná ọsibítù. Iye tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjà pẹ̀lú iléeṣẹ́ adójútòfò ni, bí ìyálọ́jà ṣe máa ń pe ọjà ní ìlọ́po mẹ́ta kó tó sọ̀ ọ́ dé ibi tó fẹ́. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n mú gbogbo owó tí ọsibítù ná lọ́dún, kí wọ́n fi gbogbo iye tó kọ sórí bíìlì lọ́dún pín in. Bó bá já sí 0.3, á jẹ́ pé $3,000 ni ìtọ́jú yẹn ná wọn. $3,000 náà ni kí wọ́n kọ.

Gbèsè ló tún kàn. Aláìsàn tí wọ́n fún ní bíìlì, tí wọ́n pè, tí wọ́n kọ̀wé sí, tí wọ́n lépa títí ó fi sú wọn: ìlànà CHA ní kí wọ́n má ka ìyẹn mọ́ àánú. O kò lè dójú ti ènìyàn lórí owó tán kí o wá ní o ta á lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Medicare àwọn arúgbó. Bí owó tí ìjọba san bá dín sí iye tí ìtọ́jú ná wọn, CHA ní kí wọ́n má kà á, nítorí gbogbo ọsibítù ló ń gba arúgbó, títí kan àwọn tó ń wá èrè. Ti Medicaid, tó wà fún àwọn aláìní, ni kí wọ́n kà. American Hospital Association, tó tóbi ju CHA lọ, kò gbà. Wọ́n ní ó yẹ kí gbèsè àti àdánù Medicare wọ inú ìṣirò.

Ẹ rò ó wò. Ẹgbẹ́ tí ọsibítù ń dáwó fún dìde, ó ní kí àwọn tó ń dáwó náà ka èyí tó kéré. Nínú iṣẹ́ ìṣàkóso ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ tó ṣòro láti bá ọ̀gá ẹni sọ ju ìyẹn lọ kò pọ̀. Ohun tí wọ́n sì fi rà nìyí: nígbà tí CHA bá dé iwájú aṣòfin tó ní iye báyìí ni, aṣòfin mọ̀ pé wọn kò bù mọ́ ọn.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń bàjẹ́ jù kì í ṣe ọ́fíìsì akáǹtì. Ẹnu ọ̀nà ni. Akọ̀wé tó ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀ ní aago méjì òru kò béèrè iye tó ń wọlé fún un, tàbí kó fún un ní fọ́ọ̀mù gígùn tí kò sí ẹni tí yóò bá a kún. Aláìsàn á lọ sílé, bíìlì á tẹ̀ lé e, ẹni tó yẹ kó gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ á di ajẹgbèsè. Òfin 2010 wá gbìyànjú láti dí ihò yẹn. Ọsibítù gbọ́dọ̀ ní ìlànà ìrànwọ́ tó wà ní kíkọ, kí ó sì kéde rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yẹ ohun tí ìlú rẹ̀ nílò wò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́ta, bí kò bá ṣe é, $50,000 ni yóò san. Ìlànà tó tẹ̀ lé òfin náà sì ní kó má fi kóòtù tàbí irú rẹ̀ lé ènìyàn kó tó pé 120 ọjọ́ lẹ́yìn bíìlì àkọ́kọ́, kó sì máa gba fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ títí di ọjọ́ 240. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ka àwọn iye wọ̀nyí lórí, bí ọmọdé ṣe ń ka tábìlì ìlọ́po.

## Dọ́là kan lóṣù

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ilé aṣòfin àgbà ti fọwọ́ sí ẹ̀dà tirẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2009. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2010, ẹgbẹ́ Dẹmokrátì pàdánù ìjókòó kan ní Massachusetts, wọn kò sì ní ìbò 60 tí wọ́n fi lè borí àwọn tó fẹ́ dí àbá náà lọ́nà nílé aṣòfin àgbà mọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún ẹ̀dà yẹn gbé padà lọ. Ilé aṣojú-ṣòfin ní láti gbà á bó ṣe wà, pẹ̀lú àbùkù rẹ̀, tàbí kí gbogbo rẹ̀ fọ́.

Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ló wà láàárín. Ẹ̀dà ti ilé aṣojú-ṣòfin ti sọ pé owó ìrànwọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ wọ inú adójútòfò tó ń sanwó oyún ṣíṣẹ́ rárá. Ti ilé aṣòfin àgbà gba ọ̀nà mìíràn: ìpínlẹ̀ tó bá wù lè fòfin dè é nínú ọjà adójútòfò rẹ̀, níbi tí wọn kò bá ti fòfin dè é, ẹni tó ra adójútòfò bẹ́ẹ̀ yóò san owó apá yẹn lọ́tọ̀, iléeṣẹ́ náà yóò fi í sí àpò ọ̀tọ̀, iye tí wọn yóò sì kà fún un kò gbọdọ̀ dín sí dọ́là kan lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Dọ́là kan. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tàn ìwé akáǹtì ni, pé bí ìjọba bá bá ènìyàn san ìyókù, ó ti bá a san gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún tọ́ka sí $7 bílíọ̀nù tí àbá náà fẹ́ fún àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò, wọ́n ní ìdènà tó máa ń wà lórí owó ìjọba kò so mọ́ èyí. Sísítà àti àwọn tó ń bá a ka òfin ka ojú ìwé kan náà, ibòmíràn ni wọ́n já sí: owó ìjọba kò wọ inú àpò kejì, àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò yẹn kì í sì í ṣẹ́ oyún. Ẹ kíyè sí i pé kò sí nínú wọn tó ní oyún ṣíṣẹ́ dára. Ìjà náà jẹ́ ìjà lórí ìṣirò: owó ta ni, ó gba ibo wọlé, kí la lè kà mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ tó ti fi ogún ọdún kọ́ ọsibítù bí wọ́n ṣe ń ya owó kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn kò ní ṣàì ní èrò lórí ìyẹn.

Ó lè dákẹ́. Ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ ni ì bá dákẹ́, ìgbìmọ̀ wọn ì bá sì yìn wọ́n. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ; òwe yẹn ló sún mọ́ ohun tó ṣe jù. Ní àárín oṣù Kẹta, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ pé àbá náà ní àbùkù, pé àkókò sì tó. Kádínà Francis George, tó ń ṣe ààrẹ àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, dáhùn pé ohun tí yóò ná ni ti pọ̀ jù. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn olórí ẹgbẹ́ sísítà kan kọ̀wé tiwọn láti gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ 21, ìbò jẹ́ 219 sí 212. Bí ènìyàn mẹ́rin bá yí padà, ó tán. Àwọn aṣojú tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, tí ẹ̀rù ń bà láti padà sílé lọ kojú àwọn èèyàn wọn, rí ìwé tí wọ́n lè nà síta. Ìlérí àṣẹ ààrẹ lórí owó oyún ṣíṣẹ́ ló parí ti Bart Stupak, aṣojú Dẹmokrátì tó wà nídìí ìdènà oyún ṣíṣẹ́ inú ẹ̀dà ti ilé aṣojú-ṣòfin, àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà.

## Ohun tó ná an

Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Tobin ti Providence ní Rhode Island yọ ọsibítù tó wà lábẹ́ dáyósíìsì rẹ̀ kúrò nínú CHA kí oṣù náà tó parí. Èyí tó burú jù ni pé láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí CHA bá sọ, àwọn kan ti ń béèrè ẹgbẹ́ ta ni kí wọ́n tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọdún 2012 sì fi hàn pé ìyára kì í fìgbà gbogbo ṣeni lóore. Ìjọba ní kí adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ máa sanwó oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ó sì yọ ilé ìjọsìn sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò yọ ọsibítù. Ariwo ta. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, Obama ní iléeṣẹ́ adójútòfò ni yóò san án, kì í ṣe ọsibítù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Sísítà ti ní inú òun dùn sí i. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọsibítù ńlá kì í ra adójútòfò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ń tọ́jú òṣìṣẹ́ wọn. Bí "iléeṣẹ́ adójútòfò" bá máa san án, àwọn náà ni iléeṣẹ́ ọ̀hún. Ní oṣù Kẹfà, CHA kọ̀wé sí ìjọba pé ètò náà kò ní ṣe é mú lò. Ó di oṣù Keje 2013 kí wọ́n tó ní àwọn lè fara mọ́ èyí tí ìjọba tún ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò adójútòfò ọsibítù ì bá ti tó láti rí ihò yẹn ní oṣù Kejì.

Ní 2019, Sísítà fẹ̀yìn tì, Sísítà Mary Haddad sì gba ipò. Ọdún kan náà, ní òpin oṣù Kẹrin, Providence ní Washington, ọsibítù tó fi ọdún 15 darí, dáwọ́ gbígba aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì dúró, yàrá pàjáwìrì rẹ̀ sì kógbá sílé. Àwọn aládùúgbò tí òfin 2010 fún ní káàdì adójútòfò wá ń mú káàdì náà wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù mìíràn.